Bí Mo Ṣe Kọ́ Òṣèré Ọsirélíà Kan ní Ẹkún Sísun ní Mitchellville

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ará àdúgbò ń bi mí: "Ìyá Tíṣà, báwo ni Amẹ́ríkà?" Wọ́n á ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa retí ilé gíga àti yìnyín. N kò rí ilé gíga kankan, yìnyín kò sì bọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni obìnrin òyìnbó kan tó fi oṣù kan gbáko kọ́ bí a ti ń sunkún lọ́dọ̀ mi, tí ẹkún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí físà gbà, ẹ fi ìròyìn yìí mú sùúrù.

Àdúgbò tí kò ní ẹlẹ́sẹ̀

Fúnmiláyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni mo lọ kí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tó ti wá sílé kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù kan ní Largo ló ti ń ṣiṣẹ́; ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì ti lọ sí yunifásítì. Ilé wọn ní Mitchellville tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fi fóònù pe ara wa láti yàrá dé kíṣìnì. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ló pọ̀ jù ládùúgbò náà, ọwọ́ wọn tẹ́nu dáadáa, koríko iwájú ilé wọn sì rí bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà dà? Láàárọ̀, gáréèjì á ṣí, ọkọ̀ á jáde, gáréèjì á padé. Ó parí títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ní kí n rìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi lè nà. Ọkọ̀ mẹ́ta ló dúró láti bi mí bóyá ara mi yá. Obìnrin tó wà nínú ẹ̀kẹta ní òun á gbé mi débi tí mò ń lọ. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Ó wò mí tàánútàánú, ó fún mi lómi inú ike, ó sì rọra ń wa ọkọ̀ tẹ̀lé mi títí mo fi padà dé ẹnu ọ̀nà Fúnmi. Mo mọ̀ pé inú rere ni. Síbẹ̀ n kò rìn mọ́, torí bí ènìyàn bá ń rìn níbẹ̀, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń rẹ̀.

Obìnrin abẹ́ ilé

Yàrá kan wà lábẹ́ ilé Fúnmi tí wọ́n ń pè ní bésímẹ́ǹtì. Ibẹ̀ ni mo ti bá Kórálì. Òṣèré ni, ará Ọsirélíà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó ga débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ gbì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni.

Ìlú kékeré kan láàárín gbùngbùn Ọsirélíà ni wọ́n ti bí i, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n fi í polówó sọ́sééjì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní títí di òní, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń dá òun dúró lójú pópó pé kí òun jẹ sọ́sééjì káwọn wò. Nígbà tó dàgbà, ó di ìyàwó dókítà nínú eré àtìgbàdégbà kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, títí wọ́n fi tì í ṣubú sínú òkun nítorí pé ó pé ogójì ọdún. Láti ìgbà náà, ìyá ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ti bí òṣèré ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ọdún mẹ́fà péré ló fi jù ú lọ. Ó sì ti kú nígbà mọ́kànlá: àìsàn, ìjàǹbá ọkọ̀, májèlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹja ńlá kan sì ti gbé e mì rí.

"Mo mọ ikú í kú dáadáa," ló wí fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì tiwọn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń dún bí ìbéèrè. "Àwọn yòókù ló máa ń sunkún mi. Èmi fúnra mi ò tíì sunkún ẹnikẹ́ni rí."

Ẹkún yìí gan-an ló sì wá bá a lálejò. Eré tó ń lé nígbà náà dá lórí ọmọ òyìnbó kan tí obìnrin Yorùbá kan tọ́ dàgbà ní Abẹ́òkúta. Ìyá alágbàtọ́ yìí yóò kú, ọmọ òyìnbó náà yóò sì sunkún rẹ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé. Ìran ẹkún yẹn ni wọn yóò fi dán Kórálì wò lórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù. Obìnrin mìíràn, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ti wà nílẹ̀ bí ó bá kùnà. Ẹni tó ń bá a wá iṣẹ́ ti sọ pé òun ò ní í wá òmíràn fún un mọ́. Bí eyí bá bọ́, kí ó padà sí ìlú àgùntàn lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ó ti gbọ́ pé Yorùbá pọ̀ ní Prince George's, agbègbè ìjọba tí Mitchellville wà nínú rẹ̀, ló ṣe wá háyà abẹ́ ilé Fúnmi. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Yorùbá sísọ ni kò sí.

"Àǹtí mi," Fúnmi ní, "she's been begging me since, mi ò kàn ní time ni. Shift mi ti full. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi forty years kọ́ Yorùbá, ẹ bá mi gbà á, ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbà á. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà kọ̀wé sí mi pé ọ̀rọ̀ mi ni abẹ gé lórí Yorùbá inú rẹ̀. Ohunkóhun tí kì í bá ṣe Yorùbá, kí n yọ ọ́ dànù. Inú mi dùn. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni ní Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá níwájú mi máa ń kúnlẹ̀ títí agogo oúnjẹ yóò fi lù. Mo mú báírò pupa, mo ṣe ìwé eré wọn léṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ náà wí pé, "Ìyá mi, ìwọ ti lọ sí ibi tí ó dára." Mo fa igi lé e. Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ ní ìwọ?

Ìjà kan ṣoṣo ni èmi àti Kórálì jà, ti fíríìjì sì ni. Mo gbé irú wá láti ilé, mo fi ọ̀rá mẹ́rin wé e. Òun náà gbé ohun kan wá láti ilé tirẹ̀, ó dú bí ọ̀dà títì, ó ń fi í pa búrẹ́dì lára. Mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ inú rẹ̀ mú kí omi lé sí mi lójú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú. Òun náà gbóòórùn irú mi, ó bi mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ohun kan kú sẹ́yìn fíríìjì. Fúnmi kó méjèèjì lọ sí gáréèjì, ó ní kí àwọn àlejò òun lọ máa jẹun nídìí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé láràárọ̀ ni àwa méjèèjì ń dúró ti mọ́tò, oníkálukú pẹ̀lú òórùn tirẹ̀, a sì di ọ̀rẹ́.

Ọjọ́ Àìkú

Fúnmi kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lẹ́bàá Kettering, ìjọ tó jẹ́ pé Yorùbá ló kún inú rẹ̀. Ìwàásù ọjọ́ náà dá lórí bí a kò ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èdè bàbá wa parun. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wàásù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Kórálì ní, "Ẹ kú ìsìn o." Ariwo sọ! Wọ́n yí i ká, fóònù gòkè. Obìnrin kan sọ ọ́ ní Títílayọ̀, òmíràn ní ó tì, Àbẹ̀ní ló yẹ ẹ́, ẹ̀kẹta ní Ẹ̀mí Mímọ́ fi Ìbùkúnolúwa han òun. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí, fóònù ni wọ́n ń wò. Bàbá Ìjọ, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, fa ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti tó ọmọ ogún ọdún síwájú.

"You see? Oyinbo is speaking our language! Are you not ashamed?"

"Daddy, you never taught me."

"That is not the point!"

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ Ìyá Dáre, ọmọlúàbí obìnrin kan tí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ilé Fúnmi. Inú ilé ló ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, kò sì sí ohun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́. Ó bi mí nípa ilé, nípa ìyá Fúnmi, bóyá ìyá tèmi ṣì wà. Mo ní ìyá tèmi ti kú tipẹ́.

Omijé ojú òsì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí Kórálì sunkún, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó gbójú sókè, omijé kan ṣoṣo bọ́ láti ojú òsì rẹ̀, ó yọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dúró síbẹ̀. Mo retí, retí. Mo ní, "Ṣé ó ti tán?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ojú òsì ni wọ́n fẹ́ràn jù nídìí iṣẹ́ àwọn, pé ojú ọ̀tún máa ń jẹ́ kí imú òun pọ́n.

Mo ní, "Ọmọ mi, bí o bá sunkún báyìí nílé wa, wọ́n á ní ìwọ lo pa ìyá náà."

Mo là á yé e pé ẹkún wa kì í ṣe ti ojú nìkan. A ó ká ọwọ́ lérí. A ó pe òkú, a ó kì í, a ó bá a ṣe ẹjọ́ pé ta ló fi wá sílẹ̀ fún. A ó bi í ní ìbéèrè tí a mọ̀ pé kò lè dáhùn. Àwọn tó dúró tì wá á dì wá mú, wọ́n á máa wí pé, "Ó tó, ó tó," torí ẹkún tí kò ní ẹni tí yóò ṣìpẹ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí. Kórálì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Ó sunkún lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ó sunkún lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Ó ń sun ún bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù ọjọ́ Ẹtì sì ń bà mí ju òun lọ.

Ọjọ́rú

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo ní kí a jáde sí ẹ̀yìn ilé, bóyá àjà ló ń há ẹkún mọ́ ọn lọ́fun. Mo kọ́kọ́ sun ún fún un wò. Mo ká ọwọ́ lérí, mo ké: "Yéè! Ìyá mi o! Ẹ ti ṣe lọ láìdágbére?" Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn mi, ẹ mọ ibi tó lè dé. Kórálì gbà á lẹ́nu mi. A ké e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a wọlé, òun sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé, èmi lọ jẹ ìrẹsì.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í tú ọ̀fọ̀ bí ẹní ń polówó ọjà. Bí ìyá ènìyàn bá kú nílé nígbà tí òun wà lókè òkun, òun kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀. Wọ́n á kóra jọ sílé rẹ̀, wọ́n á jókòó láìwí nǹkan kan, títí àgbà kan yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po. Ìdí nìyí tí àyà Yorùbá ìlú òkèèrè fi máa ń já bó bá rí àlejò tí kò sọ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Dáre ló kọ́kọ́ dé, ó gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. "Mama, ẹ kúulé o." Ohùn rẹ̀ kéré. Mo ní ó wá wo òyìnbó ni. Méjì dé, mẹ́rin dé, ọkọ̀ tò lọ títí dé ìkóríta. Bàbá Ìjọ wọlé nínú kóòtù dúdú, ó ṣí fìlà. Mo gbé mọ́ọ̀tì fún wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wọn ń wò.

Mo ní, "Ṣé kò sí o?"

Ìyá Dáre di ọwọ́ mi mú. "Mama, ẹ mú ọkàn le. Fúnmi ńkọ́? What time ló máa close?"

Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi, ìyá Fúnmi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Mo rántí pé fóònù mi ti kú láti àárọ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti gbọ́ ohun tí n kò gbọ́! Àwọn ará ilé ti pè wọ́n, wọn ò rí èmi pè! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Báyìí ni Fúnmi ṣe bá wa. Ó rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí kúlà, ó rí Bàbá Ìjọ, ó rí èmi nílẹ̀. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ sọ pé kì í ṣe Mọ́mì mi."

Mo na ọwọ́ sí i láti ilẹ̀ tí mo wà.

Fúnmi ṣubú. "Mo ní mò ń bọ̀! Every year, mo ní mò ń bọ̀! Mọ́mì, ta ni yóò tún pè mí ní Àjọkẹ́? Gbogbo Amẹ́ríkà ń pè mí ní Fúmì! Ta ni yóò pè mí ní Àjọkẹ́?"

Àjọkẹ́ ni oríkì rẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo bá a sunkún, àwọn ará ìjọ gbà á, ilé mì.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Láàárín omijé ni mo ti rí Kórálì lórí àtẹ̀gùn bésímẹ́ǹtì, ìwé pélébé lórí itan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Ó ti rò pé ẹ̀kọ́ ni, pé mo kó odindi ìjọ jọ nítorí ọjọ́ Ẹtì. Ó ń mi orí sí mi pé mo ṣeun. Ibẹ̀ ni làákàyè mi ti padà.

"Ìyá Dáre, ta ló sọ fún yín pé ènìyàn kú?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà. I heard it with my own ears. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ké ìyá mi o lẹ́yìn ilé. Ẹ sì sọ fún mi pé ìyá tiyín ti kú tipẹ́, mo ní á jẹ́ pé ti Fúnmi ni."

Wọ́n fi fóònù Fúnmi pe Ìbàdàn. Ó dún, ó dún, ẹ̀gbọ́n mi gbé e pẹ̀lú ohùn oorun.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni, Mọ́mì." Fúnmi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

"Èmi? Nígbà wo?" Ó tẹ́tí. "Ohùn àwọn wo ni mò ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n wá bá mi kẹ́dùn yín."

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Wọ́n jẹun. Oúnjẹ ti dé ná, ta ni yóò gbé e padà? Bàbá Ìjọ bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní òun mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò dá òun lójú.

Ọjọ́bọ̀

Ní ọjọ́ kejì, Kórálì wá sí kíṣìnì, ó bẹ Fúnmi nítorí ìwé tó ń kọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ kí Fúnmi fún òun ní gbólóhùn Àjọkẹ́ yẹn, kí òun fi sunkún lọ́la. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gbọ́ ọ, gbogbo èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé eré ti tẹ́ lẹ́nu òun.

"No," Fúnmi ní. "Kórálì, Àjọkẹ́ kì í ṣe line. Ìyá mi ló ni ín, ó ṣì ń lò ó." Ó yí iná kéré. "Kí ni ìyá tìẹ máa ń pè ọ́?"

Kórálì pa ìwé pélébé rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pọ́sọ̀mù."

Ó ní ẹranko kan ni lọ́dọ̀ wọn, tó tóbi tó òkété, tó máa ń sáré lórí páànù. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá náà kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí Kórálì ń kú ikú rẹ̀ kẹsàn-án nínú eré kan. Wọn kò lè dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tó fi délé, wọ́n ti sin ín. Àwọn ará ìlú mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gé etí rẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín pé ó gbìyànjú, kò sunkún.

"Wọ́n yìn mí," ló tún wí.

"Lọ fi tìẹ sunkún," Fúnmi ní.

Èmi ni mo kọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ní kó wà nínú rẹ̀, èmi ni wọ́n sì fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Pọ́sọ̀mù kì í ṣe Yorùbá, kò sì fẹ́ jọ ọ́. Mo ní bó bá sọ ọ́, wọ́n á mú ọmọge kejì. Kórálì ní ó ti yé òun, mà.

Ọjọ́ Ẹtì

Orí tábìlì ìjẹun ni a gbé kọ̀ǹpútà sí. Ènìyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, obìnrin kan tó wọ awò ni ọ̀gá wọn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fúnmi wà nídìí sítóòfù, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Kórálì kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ, ó pe ìyá rẹ̀, ó bá a ṣẹjọ́. Ó dára. Èmi náà rí i pé ó kàn dára ni. Awò obìnrin yẹn kò mì. Lẹ́yìn náà ni Kórálì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti gbàgbé, mo ti ń la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì ká orí.

"Ìyá mi, ta ni yóò tún pè mí ní Pọ́sọ̀mù?"

Ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ìgbà kẹta, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Ojú méjèèjì ń ṣomi, imú rẹ̀ pọ́n bí ata, ó wó lu ilẹ̀, kò sì rẹwà rárá. Fúnmi sáré kúrò nídìí iná, ó dì í mú. "Ó tó, Kórálì. Ó tó."

Nínú kọ̀ǹpútà, ọkùnrin kan ń nu ojú. Obìnrin aláwò ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn. Ó ní ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kò sí lọ́wọ́ òun, ohun tó dára jù tí òun gbọ́ lọ́sẹ̀ náà sì ni. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní, "Màmá olùkọ́, ṣé ojúlówó Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yẹn? Bí kì í bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa. A ò lè mú ẹni tó ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè yín lẹ́nu."

Kórálì wà nílẹ̀, kò gbójú sókè wò mí. Fúnmi ló ń wò mí.

Mo ní, "Oríkì ni. Ìyá ló máa ń sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tí wọ́n ń kì nìkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ ń yé. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n jọ̀wọ́ bá wọn fi àmì ohùn sí i. Mo fi àmì ohùn sí i.

Ó gba iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí fíìmù náà bá jáde, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ó wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ò ní í rí i, ẹ ó sì kọ lẹ́tà ìbínú sí mi. Ẹ kọ ọ́. Èsì mi ti wà nílẹ̀: ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó tún lè pè é.